Aago Tí Gildas Kọ̀ Láti Sún

Gbogbo àlejò tó bá dé ilé Gildas ní Port-Gavran nígbà ooru ló máa ń ṣe àṣìṣe kan náà. Wọ́n á wo aago ara ògiri ilé ìdáná rẹ̀, wọ́n á rò pé àsìkò ṣì wà. Àsìkò ò sí. Aago yẹn fi wákàtí kan gbáko gbẹ́yìn gbogbo aago tó wà nílẹ̀ Faransé, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́. Láti ọdún tí ìjọba ti ní kí tolórí tẹlẹ́mù máa sún aago síwájú bí ooru bá ti ń wọlé, Gildas ní òun kò ní í sún nǹkan kan. Ó ní òkun kì í gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu, òkun ló sì bọ́ òun dàgbà, ta wá ni òun tí òun yóò máa gbọ́ràn? Aago ọwọ́ rẹ̀ náà, bákan náà ni. "Aago oòrùn" ló ń pe tirẹ̀. Ti gbogbo ayé yòókù, "aago ìjọba" ni.

Servane, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti mọ èyí láti kékeré, kò sì dí i lọ́wọ́ mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ògúsì tó wa mọ́tò láti Rennes wá kí i, tòun ti Enora ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mọ́kànlá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aago ló gbé wá. Fọ́ọ̀mù kan ló wà nínú báàgì rẹ̀, tó ká sí méjì. Ilé àwọn arúgbó kan tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀ ti rí yàrá fún bàbá rẹ̀, wọn yóò sì fi dè é di ọjọ́ Ajé. Kò ku nǹkan kan ju kí bàbá buwọ́ lù ú.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Gildas, ó sì ń dá gbé. Nígbà òtútù tó kọjá ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹja tí omi gbé jù sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Láti ìgbà náà, bí fóònù Servane bá ti dún láàárọ̀, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já ná. Ó ti bẹ̀ ẹ́, ó ti sunkún, ó ti bínú. Èsì kan náà ni bàbá ń fún un: "Ọjọ́ tí mi ò bá mọ òkun mọ́, màá tẹ̀ lé ẹ. Èmi fúnra mi ni màá béèrè bírò lọ́wọ́ ẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Servane dúró ní ṣọ́ọ̀bù tábà kan lójú ọ̀nà, ó ra ẹ̀bùn fún un: ìwé òkun. Kò sí ilé tí kò ní in ní etíkun yẹn. Ìwé pẹlẹbẹ ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń sọ aago tí òkun yóò lọ àti aago tí yóò padà lójoojúmọ́ ayé. Ti Gildas ti já sínú garawa ìdẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti rà.

Inú bàbá dùn sí ẹ̀bùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó na ìwé náà jìnnà sí ojú, torí kì í lo awò bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá wà nítòsí, ó sì wá ọjọ́ òní kàn. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni òkun yóò fà dé òpin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà tó ń sọ bí òkun ọjọ́ náà yóò ti fà jìnnà tó: mẹ́fàlélọ́gọ́rùn-ún. Gildas súfèé.

Ó ní òkun tó bá fà tó báyìí yóò ṣí ìdí Ìyá-Àgbà sílẹ̀. Àpáta tó jìnnà jù lọ ni Ìyá-Àgbà, rírìn wákàtí kan lórí iyanrìn tútù ni sí èbúté. Ó wá wo Enora láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ọdún mélòó ló pé, bí ẹni tí kò mọ̀. Servane mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ní Port-Gavran, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀ nínú àpáta, níbi tí edé ńlá tí à ń pè ní alákàsà ń sá pamọ́ sí. Wọn kì í fi ihò han ará ìta. Ẹnì kan ló ń fi han ẹnì kan, nígbà tí ọmọ bá pé ọdún mọ́kànlá, àwọn méjì péré ni wọ́n sì ń lọ. Ìyá ọmọ pàápàá ilé ló ń dúró sí. Ọdún mọ́kànlá ni Servane náà wà nígbà tí bàbá yìí kan náà mú un lọ, tó sì mú un búra létí ihò náà pé ẹnu òun kò ní í sọ ibẹ̀.

Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo bàbá rẹ̀ tó ń fi ọ̀rá pa irin tó fi ń fa alákàsà jáde, irin gígùn tó tẹ̀ ní ẹnu, ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, kò sì lè sọ pé rárá. Wọ́n jẹ búrẹ́dì àti bọ́tà oníyọ̀, bàbá mu ọtí ápù ife kan péré. Nígbà tí aago ara ògiri fi aago kan ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá hàn, ó dìde, torí wákàtí kan ààbọ̀ kí òkun tó fà tán ló máa ń kúrò nílé, láti ayébáyé. Ó ní kí Enora fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀, pé omi iyọ̀ àti fóònù kì í ṣe ọ̀rẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

Ó ní, "Mo ti rí ìwé tó wà nínú báàgì ẹ o, Servane. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Jẹ́ ká dé ná, ká tó sọ ọ́."

Servane fọ abọ́. Ó nu tábìlì. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù jáde, ó tún un kà, ó ń ṣètò ohun tí òun yóò sọ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lu ẹ̀ẹ̀mẹta, aago ara ògiri sì lu ẹ̀ẹ̀mejì. Kò fetí sí i, ó ti mọ́ ọn lára. Aago méjì ti lù, ogún ìṣẹ́jú ló kù tí òkun yóò fi fà tán, bàbá á ti débẹ̀, á ti kúnlẹ̀ sídìí ihò.

Ìgbà náà ló gbójú sókè, tó wo ojú fèrèsé, tó rí i pé gbogbo èèyàn ń padà bọ̀.

Wọ́n ń gun òkè bọ̀ láti èbúté, àwọn àlejò ẹlẹ́sẹ̀ pupa, àwọn ará abúlé pẹ̀lú àwọ̀n léjìká, garawa wọn kún fún akàn àti edé wẹ́wẹ́. Ta ló ń padà nígbà tí òkun ṣì ń lọ? Servane jáde sídìí ògiri kúkúrú iwájú ilé. Ó bi ọkùnrin kan pé kí ló dé tí wọ́n tètè ń bọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ohun tó tètè níbẹ̀, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta rèé tí òkun ti ń padà. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ló yí, ẹni tó bá kù lọ́hùn-ún ń fi ikú ṣeré. Servane wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó sáré wọlé. Ìwé òkun wà lórí tábìlì níbi tí bàbá fi í sí. Ní ojú ewé kìíní, lábẹ́ àwòrán ọkọ̀ ojú omi, ìlà kan wà tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹ̀ẹ̀rà: a ti fi wákàtí ìgbà ooru kún aago inú ìwé yìí, ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń ta ohun ìpẹja ní èbúté ni Gildas ti ń ra ìwé òkun láti àádọ́ta ọdún, aago oòrùn sì ni ìyá náà fi ń tẹ ti àwọn arúgbó. Ìwé àti aago Gildas jọ ń rìn pọ̀ ni. Ìwé tí òun rà lójú ọ̀nà yìí, aago ìjọba ló wà nínú rẹ̀. Bàbá ka méjì kọjá ogún, ó sì ń fi aago tó gbẹ́yìn dúró dè é. Wákàtí kan ló wà láàrin òun àti òkun, òkun ló sì wà níwájú. Òun, Servane, ló fi owó ra wákàtí náà, tó fi ọ̀já dì í, tó tún fẹnu ko bàbá lẹ́rẹ̀kẹ́ lé e.

Ẹni tó bá mọ Ìyá-Àgbà yóò mọ ohun tó ń bẹ láàrin rẹ̀ àti ilẹ̀. Ọ̀nà omi kan ni, Ọ̀fun ni wọ́n ń pè é. Bí òkun bá ti lọ, omi inú rẹ̀ kì í ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí òkun bá ń padà, kì í gba iwájú ẹni wá, ẹ̀yìn ló ń gbà. Ọ̀fun á kọ́kọ́ kún, ẹni tó wà lórí àpáta á ṣì rò pé ilẹ̀ gbẹ. Wákàtí kan lẹ́yìn tí òkun bá yí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì wà lódìkejì. Ìyẹn aago mẹ́ta kọjá ogún. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù.

Servane sáré láìwọ bàtà. Ní èbúté, àwọn èèyàn ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ẹnì kan ti ń pe ọkọ̀ agbẹ̀mílà, wọ́n sì ní ọkọ̀ náà kò lè dé kí ó tó di ìdajì wákàtí. Katakata kan ṣoṣo ló ń gòkè bọ̀ látinú iyanrìn, ó fa ẹrù ìkarahun sẹ́yìn. Perrine Hamon ló wà lórí rẹ̀.

Nínú gbogbo Port-Gavran, òun nìkan ni Gildas kì í kí. Ọgbọ̀n ọdún rèé tó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọkọ obìnrin yìí ń jí alákàsà nínú ihò òun. Ọkọ náà ti kú, ìjà náà kò kú. Obìnrin onírun funfun ni Perrine, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú ẹrù rẹ̀ dà sílẹ̀ kí Servane tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, "Ibo ló mú ọmọ náà lọ?"

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìbúra yẹn ti wà lọ́fun Servane. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Ẹni tí yóò wá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún rèé, Hamon.

Ó ní, "Ìdí Ìyá-Àgbà, lápá ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn òkúta pẹlẹbẹ, níbi tí àpáta ti là. Ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù."

"Mo mọ ibẹ̀. Gòkè, di ibí mú."

Katakata náà fò lórí iyanrìn bí ẹranko tí wọ́n tú sílẹ̀. Servane di irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wo iwájú, omi sì ń dán níbi tí kò yẹ kó ti dán. Perrine ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ẹ́ńjìnnì. "Ogójì ọdún la ti mọ ihò yẹn. A ò fọwọ́ kan ibẹ̀ rí. Tá a bá bá bàbá ẹ láàyè, wàá bá mi sọ fún un."

Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀fun, omi ti dé àárín táyà. Perrine wakọ̀ wọ inú rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó dúró. Ó ní òun kò lè lọ jù báyìí, bí katakata bá kú síbẹ̀, gbogbo wọn ló kú. Ó so okùn mọ́ katakata, ó ju orí rẹ̀ kejì sí Servane. Servane so ó mọ́ ìbàdí, ó wọ omi. Tútù rẹ̀ gba èémí rẹ̀. Omi dé itan, ó dé ìbàdí, iyanrìn sì ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e padà sí i lójú. Nígbà tí okùn tán, ó tú u, ó so ó mọ́ ṣóńṣó òkúta kan, ó gun orí àpáta lọ.

Ó yí òkúta pẹlẹbẹ náà ká. Enora jókòó síbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ lórí itan, ó ń rẹ́rìn-ín. Gildas dojú bolẹ̀, apá rẹ̀ wọ inú ihò dé èjìká.

Enora ní, "Mọ́mì, kò yẹ kẹ́ ẹ wá! Àwa méjì péré ni."

Gildas kò gbójú sókè. Ó ní, "Ta ní ní kó o wá? Òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí báyìí ni. Alákàsà ti fẹnu kan irin, má pariwo."

Servane ní, "Bàbá, ẹ wẹ̀yìn."

Bóyá ohùn rẹ̀ ni, kò sọ ọ́ sókè. Ọkùnrin náà fa apá yọ, ó yíjú padà, ó sì rí Ọ̀fun. Kò sí Ọ̀fun mọ́. Òkun ni, láti ibi ẹsẹ̀ wọn dé ibi tí katakata wà lọ́hùn-ún, tó ti dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Servane kò rí irú ojú yẹn rí lára bàbá rẹ̀, lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀ pàápàá. Gildas ju irin náà sílẹ̀, irin bàbá tirẹ̀, ó gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, ó jù ú sínú omi.

Servane pọn Enora sẹ́yìn. Gildas mú okùn níwájú. Omi dé àyà Servane, ọmọ náà ń mí sí i létí kíákíá kíákíá. Ní àárín, ẹsẹ̀ Gildas yẹ̀. Orí rẹ̀ rì, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù lójú omi, fìlà náà sì ń lọ. Ọwọ́ Servane kan wà lára okùn, èkejì wà lábẹ́ ìdí ọmọ rẹ̀. Kò lè na èyíkéyìí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ibi tí bàbá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀ dájú pé òun kò ní í tú ọmọ náà sílẹ̀. Yóò máa rántí pé òun mọ̀ ọ́n.

Okùn ló kọ́kọ́ mì. Perrine ti sọ̀ kalẹ̀ sínú omi lódìkejì, ó fi ẹsẹ̀ ti táyà, ó ń fa okùn náà bí ẹni fa omi kànga. Orí Gildas yọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára okùn. Àádọ́ta ọdún òkun kò jẹ́ kó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé èbúté, Gildas dúró níwájú Perrine, omi ń kán lára rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i. Perrine gbà á, ó ní kó lọ pààrọ̀ aṣọ kí òtútù má pa á, lẹ́yìn gbogbo wàhálà òun. Servane kò jíṣẹ́ ihò náà. Kò sí ẹni tí kò ti lóye.

Nílé, Enora sùn lórí àga, aṣọ òtútù mẹ́ta lé e lórí. Gildas jókòó ti tábìlì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì gbígbẹ.

Ó ní, "Fún mi ní bírò."

Servane yíjú wò ó.

"Mo sọ ọ́ pé ọjọ́ tí mi ò bá mọ òkun mọ́, màá béèrè. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ẹ. Gbé fọ́ọ̀mù náà wá."

Ohun tí Servane wá gbà nìyí. Ẹ̀bẹ̀ láti ìgbà òtútù, ó ti wá sọ́wọ́ láìjà. Ó gbé fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó gbé bírò lé e. Ìwé òkun, tó ti mú kúrò lórí tábìlì nígbà tí wọ́n dé, wà nínú àpò rẹ̀. Kò ju kó fi sílẹ̀ síbẹ̀ lọ. Ìgbà òtútù ń bọ̀, àtẹ̀gùn yẹn kò lọ síbì kan, irọ́ kọ́ ni òun yóò sì pa, òun yóò kàn dákẹ́ ni. Bàbá yóò wà láàyè ní Rennes. Yóò jókòó lójú fèrèsé kan níbẹ̀ títí tí yóò fi kú, yóò sì máa rò pé òun ti di ẹni tí kò mọ òkun mọ́. Gildas ti mú bírò. Ó ń wá ibi tí yóò fọwọ́ sí, kò rí i, torí kò lo awò.

Servane yọ ìwé òkun jáde, ó ṣí ojú ewé kìíní, ó fi ìka sí abẹ́ ìlà wẹ́wẹ́ náà.

Ó ní, "Ẹ wọ awò yín, Bàbá. Èmi ni. Ìwé tí mo rà fún yín, aago ìjọba ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́."

Gildas wọ awò. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó gbé bírò sílẹ̀. Servane rí i pé ọ̀rọ̀ ilé arúgbó ti parí, ẹ̀rù ìgbà òtútù sì padà wá bá a lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá mi orí. Ó ní, "Mo rí koríko òkun tó ń tẹ̀ sí apá ilẹ̀ nígbà tá a dé ọ̀hún. Ọmọdé mọ ìtumọ̀ ẹ̀, pé òkun ti ń padà. Mo rí i o, Servane. Mo ní ìwé ò lè purọ́, ọmọ mi ló rà á fún mi." Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nu ún, ó nu ojú. "Gbé aago yẹn wálẹ̀."

Servane gun àga, ó gbé aago náà kúrò lára ògiri. Ibi tí wọ́n gbé e kọ́ funfun ju ògiri yòókù lọ. Bàbá ní kó sún un, ọwọ́ òun kò mọ̀ ọ́n ṣe. Servane sún un ní wákàtí kan, Gildas sì bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún un, ó sún ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ni bàbá ti fọ́ọ̀mù padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìfọwọ́ sí i, ó ti bírò tẹ̀ lé e, ó sì ti ìwé òkun tẹ̀ lé bírò.

Ó ní, "Kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé òkun náà, kó tóbi, kí n lè kà á láìlo awò. Kọ ọ́ pé aago ìjọba."

Ó kọ ọ́. Gildas na ìwé náà jìnnà sójú, ó mi orí.

"Tọ̀la ńkọ́?"

Servane ṣí i. "Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, aago ìjọba."

"Mo gbọ́," ni bàbá rẹ̀ wí.